Fáànù ń yí, atẹ́gùn kò wá: àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kan tó ń gbóná bó bá ti dúró

Ọkọ̀ kékeré onísílíńdà mẹ́rin ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, fáànù oníná kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìn rédíétọ̀ rẹ̀. Ẹ̀sùn tí ìyá tó ni ọkọ̀ náà kó wá kò gùn. Bí òun bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọwọ́ gééjì á máa gòkè títí á fi fẹ́ kan pupa. Bí ọ̀nà bá là, tí òun sì sáré díẹ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tó ti fẹ́ máa lọ ló tó rántí pé, "AC yẹn náà, bí mo bá ti dúró báyìí, atẹ́gùn gbígbóná ló máa ń fẹ́ sí mi lójú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ti ẹ́ńjìnnì ná, a ó ṣe ti AC nígbà mìíràn."

Ọ̀ràn kan náà ni méjèèjì. Kọ̀ńdẹ́ńsà AC, ibi tí AC ti ń da ooru rẹ̀ nù, ló wà níwájú, rédíétọ̀ ló tẹ̀ lé e, fáànù ló wà lẹ́yìn pátápátá. Fáànù yìí kan náà ló ń fa atẹ́gùn gba inú àwọn méjèèjì kọjá. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń wọlé fúnra rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò fáànù mọ́. Bó bá dúró, kò sí ẹlòmíràn tó lè fa atẹ́gùn wá àfi fáànù. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gbóná ní ìdúró, tí AC rẹ̀ sì ń gbóná ní ìdúró, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ ẹni tó ń da á láàmú.

Àwọn tó ti fọwọ́ kàn án ṣáájú mi ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ fáànù sí àlòkù mìíràn. Wọ́n ti yọ tàmósítáàtì sọnù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi lọ sí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ẹnìkan ní tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló ti jó, ó ní kí wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Ẹnìkan tún ní kí wọ́n so fáànù tààrà mọ́ ìgníṣọ̀n, kó máa yí láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé owó ṣíṣí ẹ́ńjìnnì ba ìyá lẹ́rù, ló fi wá gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Mo kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló le jù. Gáskẹ́ẹ̀tì tó jó kì í yan ojú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tàbí tó ń sáré pẹ̀lú ẹrù, ìgbà náà ló tilẹ̀ máa ń fi ara hàn jù, torí pé gáàsì tó ń jó nínú sílíńdà á máa tú sínú omi. Omi á máa dín láìjò sílẹ̀, yóò sì máa hó púkẹ́púkẹ́ nínú ìkòkò omi. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún fi oògùn aláwọ̀ búlúù dán an wò, èyí tí a máa ń gbé sí ẹnu rédíétọ̀ kí èéfín inú rédíétọ̀ gba inú oògùn náà kọjá: bí gáàsì ẹ́ńjìnnì bá wà níbẹ̀, búlúù á di yẹ́lò. Búlúù ló wà títí. Ọ̀rọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì parí síbẹ̀.

Ọkọ̀ náà sùn sọ́dọ̀ mi, torí pé òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìdí méjì. Èkíní ni omi: ẹnu rédíétọ̀ kò ṣeé ṣí nígbà tó gbóná. Ìdérí rẹ̀ ń di títẹ̀ bíi bar 1 mọ́ inú, èyí tó ń jẹ́ kí omi lásán má hó àfi bó bá dé nǹkan bíi 120°C. Bí a bá ṣí i lójijì, omi tó wà ní 110°C á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú sí ẹni tó ṣí i lójú. Èkejì ni sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń wọn ooru fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti tutù láti òru, sẹ́ńsọ̀ omi àti sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń rí, fi 27°C hàn fún omi, 28°C fún atẹ́gùn. Sẹ́ńsọ̀ kò purọ́, ó kéré tán níbi tó tutù.

Kí n tó tan iná, mo bi ìyá lórí fóònù pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ yìí ti forí gbá nǹkan rí?"

"Ah, ẹnìkan fi ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀ gbá mi níwájú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n ti kùn ún, kò hàn mọ́."

"Ṣé kó tó máa gbóná ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Ó rò ó díẹ̀. "Ṣáájú ni. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kùn ún tán ló bẹ̀rẹ̀. Ṣé àwọn pánẹ́ẹ̀bítà ló bà á jẹ́ ni?"

Mo ní n kò tíì mọ̀. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Mo wá tan ẹ́ńjìnnì, AC ní pípa, mo sì ń wo síkánà. Nínú ọkọ̀ yìí, brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ló ń pàṣẹ fún rìléè fáànù, ìyẹn swíìṣì tó ń fi iná ṣí iná fún fáànù, nígbà tí omi bá dé 96°C, á sì pa á tó bá sọ̀ sí nǹkan bíi 91°C. Ó dé 96, síkánà kọ ọ́ pé àṣẹ ti jáde, mo gbọ́ tí rìléè ró "kẹ́", fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ibí ni gbogbo àwọn tó ṣáájú ti ṣì í. Fáànù ń yí. Wọ́n bẹ ojú wò ó, wọ́n rí i pé ó ń yí, wọ́n ní fáànù kò ní láburú, wọ́n lọ wá ẹ̀sùn síbòmíràn. Ẹni tó sì pààrọ̀ rẹ̀, mo rò pé ohùn rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ ló gbọ́, ó sì gbà pé ó ti gbó. Òun gan-an ló súnmọ́ òtítọ́ jù nínú wọn. Mo mú bébà kan, mo gbé e sí iwájú ọkọ̀. Fáànù tó dára á fa bébà mọ́ ara ihò iwájú, kò ní jẹ́ kó já bọ́. Tiwa fà á díẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Ó kéré tán, ìhà tó yẹ ló ń fà á sí: bí wọ́n bá so wáyà fáànù ní àsodì, á máa ti atẹ́gùn síwájú dípò kó fà á wọlé, ojú lásán kò sì ní tètè mọ̀ ọ́n.

Mo fi í sílẹ̀ kó máa yí. Omi lọ sí 98, ó lọ sí 101, ó lọ sí 103. Fáànù ń yí ní gbogbo ìgbà náà. Mo fi ẹ̀rọ tó ń wo ooru láìfọwọ́kàn wo ọrùn páìpù òkè, ó bá síkánà mu. Mo pa ẹ́ńjìnnì kó tó kọjá ibẹ̀.

Ó kù kí n mọ ìdí tí agbára kò fi dé ọ̀dọ̀ mọ́tò fáànù. Ẹni tó yọ kọ́nẹ́kítọ̀ fáànù tó fi mítà sí ẹnu wáyà méjèèjì máa rí 12.5V, á sì ní iná pé. Èmi náà rí 12.5V. Ó dà bí páìpù omi tí ìdọ̀tí dí: bí ẹnu ẹ̀rọ omi bá wà ní títì, agbára omi inú rẹ̀ pé pérépéré, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé ó dí, ṣí i, ìró tọ́-tọ́-tọ́ ni wàá máa gbọ́. Mítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu iná kankan. Ohun tó bá wà láàárín ọ̀nà, ìbáà ṣe ìpẹtà tàbí wáyà tó kù ẹyọ irun kan, kò ní di mítà lọ́wọ́. Mọ́tò tó fẹ́ mu 13A ló máa rí ìyà rẹ̀.

Nítorí náà, a kì í yọ kọ́nẹ́kítọ̀. A máa ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, nígbà tí fáànù ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo tún tan ọkọ̀, mo lo síkánà láti pàṣẹ fún fáànù kó yí láì dúró de ooru. Orí bátìrì jẹ́ 13.8V. Ẹnu mọ́tò fáànù jẹ́ 8.0V. Mítà tó ń gbá wáyà mọ́ra sọ pé 7A péré ló ń gbà kọjá. Ohun tó sọnù lójú ọ̀nà jẹ́ 5.8V, ó sì gbọ́dọ̀ wà níbìkan.

Wíwá a kò le rárá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í kàn ṣe é. Fi ẹnu mítà kan sí orí pọ́sítíìfù bátìrì, èkejì sí pọ́sítíìfù fáànù, kí fáànù máa yí: ohun tí mítà bá kọ ni ohun tó sọnù ní ìhà yẹn. Ó kọ 0.5V. Ṣe bákan náà láti nẹ́gétíìfù bátìrì sí nẹ́gétíìfù fáànù: ó kọ 5.3V. Èmi kì í fẹ́ rí ju 0.2V lọ ní ìhà nẹ́gétíìfù. A ti rí i.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ síso fáànù tààrà báyìí. Wáyà tuntun tí wọn ì bá fà láti ìgníṣọ̀n, ìhà pọ́sítíìfù ni ì bá lọ. Ìhà nẹ́gétíìfù ì bá wà bó ṣe wà. Fáànù ì bá máa yí láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, síbẹ̀ láìlágbára, ọkọ̀ á ṣì máa gbóná. Ká tiẹ̀ ní ó ṣiṣẹ́, n kò fẹ́ràn rẹ̀: ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó móoru, brain box á rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo lé e, òtútù náà kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ó gba àwọn là lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Kó gbà wọ́n délé ni, kì í ṣe kó di bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ.

Wáyà nẹ́gétíìfù fáànù gba abẹ́ iná iwájú kọjá lọ sí ara irin tó gbé rédíétọ̀ dúró, bóòlùtì kan ló dè é mọ́ ibẹ̀; ara irin ọkọ̀ ló ń gbé iná padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Kí n tó tú u, mo mú wáyà kan tó nípọn, mo so ó láti nẹ́gétíìfù bátìrì lọ sí ẹ̀yìn kọ́nẹ́kítọ̀ fáànù. Fáànù bú bí ìgbà tí wọ́n bá gún un ní kẹ́sẹ́. Bébà lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀ típẹ́típẹ́. Kò sí ẹ̀rí mìíràn tí mo tún ń wá.

Nígbà tí mo tú bóòlùtì náà, ọ̀dà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti kun irin náà láti etí dé etí, wọ́n sì ti dá òrùka wáyà padà lé orí ọ̀dà, wọ́n dì í pa. Ọ̀dà kì í gba iná kọjá. Ẹ lè bi mí pé báwo ló ṣe wá ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀. Àwọn ìlà tó yí ara bóòlùtì ká ló ń gbé iná kọjá: láti òrùka sí orí bóòlùtì, láti ara bóòlùtì sínú irin. Ọ̀nà tóóró ni, ṣùgbọ́n ó mọ́ nígbà yẹn. Omi òjò àti iyẹ̀pẹ̀ wọ ibẹ̀, ó dípẹtà, ọ̀nà náà sì ń dí lọ díẹ̀díẹ̀. 5.3V lórí 7A jẹ́ wáàtì 37, gbogbo rẹ̀ ló ń di ooru lójú bóòlùtì kékeré kan. Ìdí nìyẹn tí ike orí wáyà náà fi ti le, tó ti dúdú ní bíi íǹṣì kan sí òrùka. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ síbẹ̀ nígbà tí fáànù ń yí ì bá ti mọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé mítà tó ń ké "píìpì". Mo ní ìdánilójú pé ẹnìkan ti fi í dán wáyà yìí wò, tó sì ké. Ọ̀pọ̀ mítà á ké bí ohun tó dí ọ̀nà bá tilẹ̀ tó ohm 30. Tiwa kò tó ohm 1, ó sì ti pa fáànù.

Mo fi sáńpépà họ ọ̀dà títí irin fi tàn, mo gé ibi tó dúdú lára wáyà, mo fi òrùka tuntun sí i, mo dì í pa, ẹ̀yìn náà ni mo tó kun orí rẹ̀ kí omi má bàa wọlé. Ọ̀nà náà ni kí ó gbà: irin sí irin kọ́kọ́, ààbò lẹ́yìn. Ìhà nẹ́gétíìfù wá di 0.1V.

Ẹnìkan ì bá ti di bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n fáànù tó ń mu 7A tẹ́lẹ̀ ti ń mu bíi 13A báyìí, iná tó pọ̀ sí i yẹn gbọ́dọ̀ gba ìhà pọ́sítíìfù kọjá pẹ̀lú. Mo tún wọn ibẹ̀: 0.5V ti di 0.9V. Àìsàn kékeré ni àìsàn ńlá ti ń bò mọ́lẹ̀. Mo wọn àwọn ìsokọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan, láti bátìrì dé fíùsì 30A, láti fíùsì dé rìléè, gba inú rìléè kọjá. Inú rìléè ló wà. Mo yọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yí àwọ̀ pada sí búráwùn, sokẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti tú díẹ̀. Mo fi rìléè tuntun sí i, mo fún sokẹ́ẹ̀tì náà kó gbá ẹsẹ̀ rìléè mú dáadáa. Ó sọ̀ sí 0.3V. Ẹnu mọ́tò fáànù wá di 13.4V lórí bátìrì 13.8V. Ká ní mo fi 0.9V yẹn sílẹ̀ ni, ọkọ̀ ì bá tutù lọ́jọ́ náà, rìléè ì bá sì jó mọ́ sokẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ mìíràn. Rìléè tí irin inú rẹ̀ bá jó lẹ̀ mọ́ ara wọn lè jẹ́ kí fáànù máa yí títí bátìrì fi kú.

Ìyá ti gbé fáànù àtijọ́ sínú bóòtù. Ó ní wọ́n ní kí òun jù ú nù, àánú ẹ̀ ló ṣe òun. Mo gbé e jáde, mo fi ọwọ́ yí i, kò lọ́, kò sì mì lọ́tùn-ún lósì. Mo so ó mọ́ bátìrì, ó mu 12A, ohùn rẹ̀ balẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é rí. Mọ́tò tí bọ́rọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jẹ tán máa ń kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi gbá a lẹ́yìn, tàbí kó máa yí kó máa dúró. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá bi mí pé, "Èwo wá ni ká lò, ẹ̀gbọ́n? Mo ti ra èyí ná."

Mo ní ẹ jẹ́ ká dá ti àtijọ́ padà. Àlòkù yẹn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí gan-an. Apá rẹ̀ kúrú sí ike tó yí i ká, àyè tó wà láàárín wọn fẹ̀, atẹ́gùn á kàn máa yí po níbẹ̀ dípò kó gba inú rédíétọ̀ kọjá. Ike náà kò wà fún ẹwà.

Ti tàmósítáàtì, n kò lè dá ọkọ̀ padà láìsí i. Àwọn tó yọ ọ́ gbà pé omi á sáré jù, á tutù jù. Lójú ọ̀nà tó ń sáré, lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì á tutù ju bó ṣe yẹ lọ, epo á sì lọ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, tàmósítáàtì yìí kan náà ló ń ti ọ̀nà àbùjá tí omi máa ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Yọ ọ́, omi gbígbóná á máa gba àbùjá. Mo fi tuntun tó ń ṣí ní 82°C sí i, mo da omi lásán inú rẹ̀ nù, mo po kúláàǹtì àti omi tí kò ní èròjà ní ìdajì-ìdajì, mo sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí fáànù fi tan tó sì kú nígbà mélòó kan, kí atẹ́gùn inú páìpù lè jáde tán.

Ìdánwò ìkẹyìn, mo ṣe é lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ ní ìdúró, bọ́nẹ́ẹ̀tì ní pípadé. Láìsí AC, omi gòkè dé 96, fáànù bú, ó sọ̀ sí 91, fáànù kú, ó tún gòkè. Nígbà tí mo tan AC, fáànù kò kú mọ́, ooru omi sì dúró láàárín 92 sí 94, atẹ́gùn inú ọkọ̀ sì tutù débi pé ìyá fúnra rẹ̀ dín in kù. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan AC náà rárá.

Ohun kan wà tí n kò ṣe. Ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ látinú ìkọlù yẹn, àwọn ìpele tín-ín-rín ibẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Ní báyìí, fáànù tó dára ń borí rẹ̀. Mo sọ fún ìyá pé bí ọwọ́ gééjì bá tún gòkè, tó sì jẹ́ lójú ọ̀nà tó ń sáré ni, kì í ṣe ní ìdúró, rédíétọ̀ ni kó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ra fáànù fún un. Bó bá sì jẹ́ ní ìdúró ni, AC ló máa kọ́kọ́ sọ fún un, torí pé ó máa ń gbóná kí ọwọ́ gééjì tó ronú àtikúrò níbi tó wà.